MikroTik CRS326-24G-2S+RM: swíìṣì tó bá bátìrì wa mu, tí kò sì fẹ́ ìkánjú

Okun o. Ẹni tó bá fẹ́ ra swíìṣì, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù pọ̀, tí yóò gbé tẹlifóònù abẹ́lé àti kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ẹ̀kọ́ ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, kó kọ́kọ́ bèèrè irú iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kó tó ka póòtù rẹ̀. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń pa swíìṣì lọ́dọ̀ wa. Iná ìjọba á já wọlé lójijì, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, inverter náà á gba tirẹ̀, títí ádápútọ̀ á fi jóná. Ibẹ̀ ni CRS326 ti yàtọ̀: ihò iná rẹ̀ ń gba DC láti 10V dé 30V, a sì lè so ó mọ́ bátìrì sólà láìsí inverter láàárín.

Póòtù gigabit 24 ló ní, ihò SFP+ méjì fún okùn fáíbà tó lè sáré dé gigabit 10, àti póòtù kọ́ńsólù kan. Ó gba àyè kan péré nínú ráàkì. Kò ní fáànù rárá. Ẹni tó bá mọ eruku ọyẹ́ àti erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà wa á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, torí fáànù kékeré ni eruku kọ́kọ́ ń dì pa. Àmọ́ ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígi tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ o. Ẹ fi àyè kan sílẹ̀ lókè rẹ̀ nínú ráàkì, kí ẹ má sì gbé inverter sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná rẹ̀ dáadáa, torí orí rẹ̀ ni owó yín á ti yọ. Bó ti wù kó jẹun tó, kì í ju 24W lọ. Lórí bátìrì 12V, 2A nìyẹn. Ká ní PBX kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń darí ìpè àwọn tẹlifóònù abẹ́lé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ 1.5A, gbogbo rẹ̀ di 3.5A. Bátìrì olómi 100Ah tí a kò fẹ́ kó tètè kú, ìdajì rẹ̀ la lè lò, ìyẹn 50Ah. Bíi wákàtí 14 nìyẹn, láti ìrọ̀lẹ́ títí oòrùn á fi tún là. Tó bá jẹ́ inverter lẹ fi gbé e, inverter náà á ti jẹ nínú bátìrì kó tó fún swíìṣì ní tirẹ̀.

Wáyà 2.5mm² tó ìjìnnà mítà 10 láti ibi bátìrì. Ohun tó máa sọnù lójú ọ̀nà kò ju bíi 0.5V lọ. Fíúùsì 5A gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí pósítíìfù bátìrì. Ẹ má fi sí ẹ̀yìn swíìṣì, torí wáyà tó wà láàárín ni fíúùsì ń gbà là. Orí ihò iná náà jẹ́ 5.5mm/2.1mm, àárín rẹ̀ ni pósítíìfù. Ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí bátìrì yín jẹ́ 24V, ẹ gbọ́ èyí o. Nígbà tí sólà bá ń ṣájì bátìrì olómi, ó máa ń gòkè dé nǹkan bí 28.8V, swíìṣì sì lè gbà á. Àmọ́ bí ẹ̀rọ ìṣájì bá bọ́ sí equalise, ìyẹn ìṣájì tó ga ju ti ojoojúmọ́ lọ, ó lè fo 30V kọjá, swíìṣì á sì kú lọ́sàn-án gangan nígbà tí oòrùn ń ràn. Ẹ pa equalise náà, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 24V di 12V sáàárín. PBX tiẹ̀ tún ní tirẹ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní irú ìfaradà yìí. Tí wọ́n bá kọ 12V sí i lára, bátìrì 12V tó ń ṣájì ní 14.4V ti kọjá ohun tó fẹ́, nítorí náà ẹ wá ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró sí 12V fún un.

Ohun tó dùn mí nípa swíìṣì yìí ni pé kò ní PoE. Tẹlifóònù IP tí ẹ bá so mọ́ ọn kò ní rí iná gbà lára wáyà. Ẹ ó fún tẹlifóònù kọ̀ọ̀kan ní ádápútọ̀ tirẹ̀, àbí kí ẹ gbé swíìṣì PoE kékeré olórí mẹ́jọ sẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tó ń tẹ̀lé ìlànà 802.3af, tó ń fi 15.4W síta ní póòtù kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, CRS328-24P-4S+RM, ní PoE ní gbogbo póòtù 24, ṣùgbọ́n iná AC ló ń jẹ, ó sì ní fáànù, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí mo ń yìn látẹ̀yìnwá kò sí lára rẹ̀. Ewu kan tún wà: ether1 ti CRS326 lè gba iná lára wáyà, 10V sí 30V náà ni. Ẹni tó bá ki injector (ẹ̀rọ tó ń ti iná sínú wáyà) olówó pọ́ọ́kú tó ń tú 48V síta láìbéèrè mọ́ póòtù yẹn ti sun ún nìyẹn. Injector 802.3af gidi máa ń bèèrè kó tó fi iná ránṣẹ́, ìyẹn kò ní pa á lára.

Wáyà náà ńkọ́? Èyí tó kún ọjà báyìí, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò lórí, tí wọ́n kọ Cat6 sí lára. Ẹ fi abẹ ha orí rẹ̀: tí inú bá funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Páálí mítà 305 tó fúyẹ́ lọ́wọ́ jù, àrífín ni. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹ́ nídìí orí RJ45, tẹlifóònù á máa wá, á máa lọ, wọ́n á ní PBX ló bàjẹ́. Mítà 100 ni òpin láti swíìṣì dé ẹ̀rọ, 90 nínú ògiri, 10 fún àwọn wáyà kéékèèké ìhà méjèèjì. Láti ilé kan sí òmíràn, ẹ má lo bàbà rárá. Ààrá òjò wa lè gba ara rẹ̀ wọlé kó sun póòtù mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn fáíbà ni kí ẹ fà. Mọ́dù S-31DLC20D méjì, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, á gbé gigabit kan dé kìlómítà 20 lórí fáíbà single-mode. Tí iná ihò SFP+ kò bá tàn pẹ̀lú mọ́dù gigabit, ẹ pa auto-negotiation (kí ẹ̀rọ méjì máa fúnra wọn dúnàádúrà iyára) níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí ẹ fi ọwọ́ yan iyára rẹ̀.

Ó kù ibi ètò rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ti ara wọn mọ́ ìta.

Swíìṣì náà lè lo RouterOS tàbí SwOS, sọ́fíwíà MikroTik méjì. SwOS rọrùn, inú búráósà ni gbogbo rẹ̀ wà, VLAN, ìyẹn pípín swíìṣì kan sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sì wà níbẹ̀. Tí ilé iṣẹ́ kò bá ní ẹni tó mọ RouterOS, ẹ lo SwOS kí ẹ sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ RouterOS, àdírẹ́sì rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni 192.168.88.1, orúkọ rẹ̀ ni admin. Páásíwọ́ọ̀dù àwọn tuntun wà lára sítíkà, ti àtijọ́ òfìfo ni. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe sọ́fíwíà, torí ní 2018 àléébù kan hàn nínú WinBox, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣètò MikroTik, CVE-2018-14847, tó jẹ́ kí àwọn olè lè jí páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ pa telnet àti ftp. Ẹ tún fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ (serial number) tó wà lára sítíkà wé èyí tí `/system routerboard print` bá sọ fún yín, pàápàá tó bá jẹ́ tokunbọ̀.

Ká ní VLAN 10 jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, 20 ti tẹlifóònù, 99 ti àbójútó. PBX wà ní ether1, tẹlifóònù tí kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn rẹ̀ wà ní ether2, ráútà wà ní ether24. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yọ ether23 kúrò nínú bridge, ìyẹn àkójọ póòtù tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tirẹ̀, 192.168.77.1/24. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín nìyẹn. Lẹ́yìn náà (tagged ni pé dátà gbé àmì VLAN rẹ̀ dání, untagged ni pé kò gbé e, pvid ni VLAN tí dátà aláìlámì máa bọ́ sí):

`/interface bridge port set [find interface=ether1] pvid=20`
`/interface bridge port set [find interface=ether2] pvid=10`
`/interface bridge vlan add bridge=bridge vlan-ids=10 tagged=ether24 untagged=ether2`
`/interface bridge vlan add bridge=bridge vlan-ids=20 tagged=ether2,ether24 untagged=ether1`
`/interface bridge vlan add bridge=bridge vlan-ids=99 tagged=bridge,ether24`
`/interface vlan add name=abojuto interface=bridge vlan-id=99`
`/ip address add address=10.0.99.2/24 interface=abojuto`
`/interface bridge set bridge vlan-filtering=yes`

Ìlà ìkẹyìn yẹn gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ ọ́ ṣáájú, tàbí tó gbàgbé láti fi bridge fúnra rẹ̀ sínú tagged ti VLAN 99, kò ní rí swíìṣì mọ́ láti ìhà VLAN àbójútó. Ẹ tẹ Ctrl+X kí ẹ wọ Safe Mode kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀. Tí ọwọ́ bá ṣì, tí ẹ sì já kúrò, yóò dá gbogbo rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tó ìṣẹ́jú 9 kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ má sáré lọ yọ iná rẹ̀.

Ẹ má dá bridge kejì sílẹ̀ fún tẹlifóònù. Bridge kan ṣoṣo ni ọpọlọ swíìṣì náà lè bá gbé ẹrù. Èyí tó bá ṣẹ́kù á bọ́ sórí CPU kékeré 800MHz rẹ̀, ohùn á sì máa já. Ẹ wo `/interface bridge port print`: póòtù tí kò bá ní àmì H ló wà lórí CPU. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ fi í ṣe ráútà tó ń ṣe NAT (pípín íntánẹ́ẹ̀tì kan) fún gbogbo ilé.

Kí tẹlifóònù lè mọ VLAN rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ `/ip neighbor discovery-settings set lldp-med-net-policy-vlan=20`, kí ẹ sì ṣí LLDP, èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀, lára tẹlifóònù. Kí DHCP ráútà, tó ń pín àdírẹ́sì, fún VLAN 20 ní option 66 (ibi tí tẹlifóònù á ti gba ètò rẹ̀) tó ń tọ́ka sí PBX. PBX fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, bíi 10.0.20.5, máàsìkì 255.255.255.0, gateway (ọ̀nà àbájáde) 10.0.20.1. Gateway yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé: tẹlifóònù inú ilé á ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹnikẹ́ni á rò pé iṣẹ́ ti parí, àfìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pe ìta.

Àwọn PBX bíi Grandstream UCM6202 ní póòtù méjì àti ọ̀nà mẹ́ta láti lò wọ́n: Route, Switch, Dual. Bó bá wà ní Route, tí ẹ sì ki póòtù LAN rẹ̀ mọ́ swíìṣì, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì, DHCP á di méjì nínú ilé kan. Kọ̀ǹpútà kan á rí íntánẹ́ẹ̀tì, èkejì kò ní rí i. Bó bá wà ní Switch, ẹ má ki póòtù méjèèjì sínú CRS326 kan náà, wọ́n á di òòka. RSTP swíìṣì náà, tó ń dènà òòka, á ti ọ̀kan pa, ó kàn jẹ́ pé kò yẹ kí ẹ fi iṣẹ́ yín lé e lọ́wọ́.

PBX àtijọ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó fi í sílẹ̀ á ti de káàdì rẹ̀ mọ́ 100 full, swíìṣì sì wà ní auto. Swíìṣì kò rí ẹni bá dúnàádúrà, á bọ́ sí half duplex, níbi tí kò ti lè sọ̀rọ̀ kó sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹlifóònù kan péré á dùn dáadáa. Bí wọ́n bá pé mẹ́wàá, ohùn á máa gé bí ẹni tí èéfín há lọ́nà ọ̀fun. Ẹ kọ `/interface ethernet monitor ether1 once`, ẹ wo full-duplex, kí ẹ sì wo rx-fcs-error nínú `/interface ethernet print stats`. Ẹ fi ìhà méjèèjì sí auto, tàbí kí ẹ de méjèèjì pọ̀. Ìlà tó bá gbọ́ ohùn ní apá kan ṣoṣo, ráútà ni kí ẹ lọ wò, kí ẹ pa sip, ohun tó ń fọwọ́ kan ìpè tẹlifóònù lójú ọ̀nà, nínú `/ip firewall service-port`.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gigabit dẹ́rù bà yín. Ìpè kan tó ń lo G.711, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sọ ohùn di dátà, ń jẹ bíi 87kbps ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìpè 30 lẹ́ẹ̀kan náà kò dé 3Mbps. Swíìṣì kò ní rẹ̀ ẹ́ láé. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lọ síta ni kí ẹ ṣọ́.

Tí ẹ bá parí, ẹ kọ `/export file=kaba`, ẹ gbé e kúrò lára swíìṣì lọ sórí kọ̀ǹpútà míì. Fáìlì yẹn ṣeé kà, ẹ sì lè fi í sórí swíìṣì mìíràn, kò dà bíi backup tó jẹ́ ti ẹ̀rọ kan náà. Àmọ́ páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń wọlé kì í sí nínú rẹ̀ rárá, RouterOS 7 kì í sì í kọ àwọn àṣírí mìíràn sínú rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fi show-sensitive kún un. Ẹ kọ ti yín sórí ìwé, kí ẹ fi sí ibi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín á ti rí i, tí ẹni tó ń gbálẹ̀ kò ní rí i.