Ibi Ìpamọ́ inú Kọ̀ǹpútà Alágbèéká àti Hard Drive Àsomọ́: Èwo Ló Yẹ Kí Owó Wa Bá Lọ?

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, iye GB tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn tó ń tà á máa ń kọ́kọ́ tẹnu mọ́. Wọn kì í sábà sọ irú ibi ìpamọ́ tó jẹ́, wọn kì í sì í bi wá pé níbo ni ẹ̀dà kejì àwọn fáìlì wa yóò máa gbé. Lójú tèmi, ìpinnu kan náà ni méjèèjì, nítorí pé àpò kan náà ni owó wọn ti ń jáde. Ibi tí mo fàbọ̀ sí ni pé kí a ra SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí kò ní àwo tó ń yí, tó mọ níwọ̀n sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra hard drive àsomọ́ méjì tó láyè dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ yára, dípò kí a kó gbogbo rẹ̀ lé ẹyọ kan tó ń sáré.

Hard drive ti àtijọ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí àwo rẹ̀ sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, máa ń ka fáìlì ńlá ní nǹkan bí 100 sí 140 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. SSD tó ń lo SATA, ọ̀nà ìsopọ̀ ti àtijọ́, kò ní ohun tó ń yí nínú rẹ̀ rárá, ó sì ń dé nǹkan bí 550 MB; SSD onírú NVMe tó ń lo PCIe 3.0, ọ̀nà ìsopọ̀ tó yára jù ú lọ, lè dé nǹkan bí 3,500 MB, èyí tó ń lo PCIe 4.0 sì lè tó 7,000 MB. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ń fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì tí kọ̀ǹpútà fi ń falẹ̀ wà níbòmíràn. Orí tó ń ka àkọsílẹ̀ nínú hard drive ní láti rìn lọ síbi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, kí ó sì dúró títí àwo yóò fi yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ni kọ̀ǹpútà ń ṣí bí a bá tàn án. SSD kò ní ìrìn yẹn í rìn. Ẹni tó bá kúrò lórí hard drive bọ́ sórí SSD èyíkéyìí yóò mọ ìyàtọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kúrò lórí SATA bọ́ sórí NVMe, tó jẹ́ pé lẹ́tà ló ń kọ, tó sì ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, lè má mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.

Ní ti títóbi, 256 GB ti kéré jù fún ẹni tó fẹ́ lo kọ̀ǹpútà pẹ́. 512 GB tó fún iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ẹ̀kọ́, nígbà tí 1 TB yẹ ẹni tó ń ya àwòrán tàbí tó ń ṣe fídíò. Kí ẹnikẹ́ni má sì bínú bí Windows bá fi 931 GB hàn nínú 1 TB tó rà: bí a ti ń gòkè láti MB sí GB sí TB, ẹni tó ṣe é ń ka 1,000 sí ìpele kọ̀ọ̀kan, Windows ń ka 1,024, kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan níbẹ̀.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju èyí lọ ni bóyá ibi ìpamọ́ náà ṣeé yọ. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà kan, SSD náà jẹ́ M.2, pátákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní mìlímítà 22, tó sì sábà máa ń gùn ní mìlímítà 80, tí a lè tú ní ìdè kan ṣoṣo kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tó tín-ínrín gan-an, wọ́n jó o pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà. Bí bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ bá kú, àwọn fáìlì inú rẹ̀ sábà máa ń bá a lọ ni. Ẹni tó bá ra irú èyí láìra hard drive àsomọ́ lọ́jọ́ kan náà kò tíì parí ohun tó wá rà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ohun àsomọ́ pín sí, mo sì fi Samsung T7 àti WD My Passport ṣe àpẹẹrẹ wọn. SSD ni T7, kò wúwo ju gíráàmù 58 lọ, ẹni tó ṣe é sì kọ ọ́ pé ó ń ka 1,050 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hard drive aláwo ni My Passport, ó sì ń ṣe nǹkan bí 100 sí 130 MB. Bí a bá fẹ́ kó 400 GB fáìlì ńlá sí i, My Passport yóò gba nǹkan bí wákàtí kan. T7 lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀dà àkọ́kọ́, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, bíi File History lórí Windows tàbí Time Machine lórí Mac, ń kó kìkì ohun tó bá yí padà, èyí tí hard drive aláwo lè parí nígbà tí a bá ń jẹun lọ́wọ́. Kí a ṣọ́ra nípa wáyà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ wáyà USB-C tí a fi ń gba iná sí fóònù kò ju USB 2.0, ìran àtijọ́ tó ń falẹ̀, lọ, iṣẹ́ wákàtí kan yẹn sì lè di nǹkan bí wákàtí mẹ́ta lórí rẹ̀.

Mo fara mọ́ hard drive aláwo fún ẹ̀dà àfipamọ́ nítorí pé owó kan náà ń ra àyè tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti nítorí ohun tí a kì í sábà sọ nípa SSD: iná tó wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí a bá gbé e sílẹ̀ láìtàn án. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún irú ohun èlò báyìí, kò béèrè ju kí SSD aráàlú tó ti lo agbára rẹ̀ tán pa àkọsílẹ̀ mọ́ fún ọdún 1 láìsí iná, níbi tí ooru jẹ́ 30°C. Tuntun ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ èmi kò ní fi ohun tí mo fẹ́ gbàgbé sínú dúrọ́ọ̀ sórí rẹ̀. Hard drive aláwo náà ní àléébù tirẹ̀. Bó bá já bọ́ nígbà tó ń yí, ó lè parí síbẹ̀. Nínú My Passport, bọ́ọ̀dù kékeré inú rẹ̀ ló ń ti àkọsílẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, nítorí náà bí bọ́ọ̀dù yẹn bá bàjẹ́, a kò lè kàn tú àwo náà lọ so mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹni tó ń lo Mac pẹ̀lú Time Machine ni mo yọ sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn mi: láti ìgbà macOS Big Sur ní 2020, APFS, ọ̀nà tí Apple fi ń to fáìlì sórí ibi ìpamọ́, ni Time Machine ń lò fún ẹ̀dà tuntun, SSD ni wọ́n sì ṣe APFS fún, nítorí náà ó máa ń falẹ̀ gidigidi lórí àwo. T7 tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ sí ẹni tó ń ṣe fídíò tààrà láti orí ohun àsomọ́.

Kí ló dé tí mo fi ní kí a ra méjì? Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kí ó tó gba owó ìdáǹdè, bíi WannaCry ti oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kì í dúró sí inú kọ̀ǹpútà nìkan. Ó ń ti èyí tó wà nínú hard drive tí a so mọ́ ọn pẹ̀lú. Ọ̀kan lè wà nítòsí, kí a máa yọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí èkejì sì wà ní ilé mìíràn, kí a máa pààrọ̀ wọn láti ìgbà dé ìgbà.

Kí a sá fún ohun kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 16 TB sí lára, ayédèrú ni. Ètò H2testw lórí Windows máa ń kọ fáìlì kún ohun tí a rà, ó sì ń kà wọ́n padà láti mọ̀ bóyá àyè náà pé. Kí a lò ó kí àǹfààní dídá ọjà padà tó kọjá. Lẹ́yìn tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá parí, kí a so hard drive náà mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a dá fódà kan padà láti inú rẹ̀, kí a sì ṣí àwọn fáìlì ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.