Aldi, Lidl, Tesco tàbí ìsọ̀ àwọn ará wa: níbo gan-an ni owó oúnjẹ ti ń dín kù?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó bá nílé kì í gùn: "Aldi ni kó o máa lọ." Ẹlòmíràn á ní Lidl. Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán síbẹ̀. Láti 2014 ni mo ti ń ra oúnjẹ fún ilé ẹlẹ́ni márùn-ún ní gúúsù London, mo sì máa ń kó risíìtì jọ sínú agolo bisikíìtì kan lórí fíríìjì. Ohun tí àwọn risíìtì yẹn ń sọ fún mi ni pé owó ń dín kù lóòótọ́ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú yìí, àmọ́ kì í ṣe lórí gbogbo ohun tí ìdílé Yorùbá ń jẹ. Ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó bá wọlé, ó lè fi gbogbo èrè náà sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó jáde.

Ìdí tí owó ọjà wọn fi wálẹ̀

Ìyá kan ló ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní ìlú Essen, ní Jámánì, ní 1913. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Karl àti Theo Albrecht, ló gbà á lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n sì sọ ọ́ di Aldi: orúkọ ìdílé wọn àti "Diskont", ìyẹn ẹ̀dínwó, ni wọ́n gé kúrú tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Birmingham ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní Britain ní 1990. Lidl, tí òun náà ti Jámánì wá, dé ní 1994. Nígbà tó fi máa di September 2022, Aldi ti kọjá Morrisons, ó ti di ìkẹrin nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó tóbi jù nílẹ̀ yìí.

Ẹ wọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ó fojú rí ibi tí owó ti ń wálẹ̀. Oríṣi ọjà tó wà nínú Aldi kò ju nǹkan bí 2,000 lọ, nígbà tí ti Tesco ńlá lè lé ní 20,000. Tòmátì alágolo oríṣi kan tàbí méjì ni ẹ ó bá, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Torí pé oríṣi kan ni wọ́n ń rà, wọ́n ń rà á rẹpẹtẹ, wọ́n sì lè ná an dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, bí ìyá alájàpá tó ra odindi ọkọ̀ iṣu ṣe máa ń ná ju ẹni tó ra mẹ́ta lọ. Páálí tí ọjà bá wá náà ni wọ́n ń gbé sórí àtẹ, wọ́n á kàn fa iwájú rẹ̀ ya. Àmì onílà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà wà ní ojú mẹ́ta mẹ́rin lára ọ̀rá kan ṣoṣo, kí kásíà má baà máa wá a kiri. Àwọn ọjà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní orúkọ gbajúmọ̀ kankan lára, nítorí náà owó ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n kò sí nínú ohun tí ẹ ń san. Tesco gbìyànjú irú rẹ̀ ní 2018, wọ́n pè é ní Jack's. Ní 2022 wọ́n ti tì í pa.

Ohun tó yẹ ká rà níbẹ̀

Which?, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà oníbàárà, máa ń to àwọn ọjà kan jọ lóṣooṣù, wọ́n á sì ṣírò iye tí wọ́n jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Láti 2021 dé 2024, Aldi ló ń gbégbá orókè lọ́dọọdún, Lidl ń tẹ̀ lé e ní gìgísẹ̀, Waitrose ló sì ń wọ́n jù. Ṣùgbọ́n Which? tún ní àtòjọ kejì tó gùn, tí ọjà olórúkọ pọ̀ nínú rẹ̀. Aldi àti Lidl kì í sí nínú ìyẹn, torí wọn kì í ní gbogbo rẹ̀ lórí àtẹ. Láwọn ọdún yẹn, Asda ni owó rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ jù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ yín kò lè ṣe kí wọ́n má mu Milo, ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín.

Ẹyin, wàrà, búrẹ́dì, òróró, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọṣẹ ìfọṣọ, tíṣù: gbogbo èyí, Aldi tàbí Lidl ni, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì. Pámpáàsì ló kọ́kọ́ mú mi gbà wọ́n gbọ́. Àkọ́bí mi lo èyí tó lórúkọ. Ọmọ kẹta lo Mamia ti Aldi àti Lupilu ti Lidl títí ó fi bọ́ nínú ẹ̀, ara rẹ̀ kò sì sú rí. Sípínáàṣì dídì wọn pẹ̀lú, tí ẹ bá fi ọwọ́ fún omi inú rẹ̀ gbẹ dáadáa, ẹ̀fọ́ rírò tí yóò jáde níbẹ̀, àlejò kò ní béèrè ibi tó ti wá.

Tòmátì alágolo ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun la ń rà jù. Ẹ yí agolo náà padà kí ẹ wo ìdá ọgọ́rùn-ún tòmátì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Agolo tí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀ á mú kí ẹ dín ata pẹ́ lórí iná kó tó gbẹ, gáàsì lẹ sì fi ń san ìyókù owó yẹn. Mo ti wọn agolo oríṣiríṣi nínú ìdáná mi, mo dà wọ́n sínú asẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èyí tó wọ́n ń ki jù.

Ohun tí kò yẹ ká rà níbẹ̀

Adìẹ wọn rọ̀. Ẹni tó fẹ́ yan án nínú ààrò á gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sínú ọbẹ̀ ata fún wákàtí kan, egungun lẹ ó máa ṣà. Adìẹ líle tí ẹ ń wá, ọ̀dọ̀ alápatà hàláàlì ló wà, wọ́n á sì gé e bí ẹ bá ṣe fẹ́.

Ata ńkọ́? Ọ̀rá kan, ata mẹ́ta: ọ̀kan pupa, ọ̀kan bí ìyeyè, ọ̀kan bí ewé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ sanwó fún, ọ̀kan péré ló wúlò fún ọbẹ̀. Ẹ lọ sí Rye Lane ní Peckham tàbí Ridley Road ní Dalston, ẹ ó bá tàtàṣé pupa fòò nínú abọ́, tí ọlọ́jà ń pariwo iye tó jẹ́. Ẹ ṣáà fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ abọ́ náà, torí ibẹ̀ ni èyí tó ti ń rà máa ń wà.

Ìrẹsì gba ìṣírò. Ọ̀rá kékeré ló pọ̀ nínú àwọn Aldi àti Lidl tó wà nítòsí mi, ilé tó ń jẹ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ sì nílò àpò. Lórí àtẹ, lábẹ́ iye tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ, ẹ ó rí iye kékeré kan tó ń sọ ohun tí kílò kan jẹ́. Òun ni kí ẹ máa kà. Ká ní ọ̀rá kílò kan jẹ́ £1.60, tí àpò kílò mẹ́wàá sì jẹ́ £14 ní Tesco tàbí Asda, àpò ti fi ogún pẹ́ńsì dín lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Póun méjì nìyẹn lórí àpò kan. Iye kékeré yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Tesco àti Sainsbury's: láìsí káàdì, ẹ má rà

Àbúrò mi obìnrin dé ní 2023. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wọ súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan, ó rí ìwé aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ òróró àti ọṣẹ, ó kó wọn, ó sanwó, ó délé kó tó rí i pé iye mìíràn ni wọ́n gbà. Iye tó rí, ti oníkáàdì ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó dùn mí, torí owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù yẹn kò tó nǹkan.

Ọ̀fẹ́ ni káàdì náà. Tesco ń pè é ní Clubcard, ó ti ní iye tirẹ̀ láti 2019. Nectar ni ti Sainsbury's, tó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní April 2023. Fóònù lẹ fi ń gbà á. Ní November 2024, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò, CMA, gbé èsì ìwádìí wọn jáde lórí nǹkan bí 50,000 ọjà, wọ́n sì rí i pé ẹ̀dínwó oníkáàdì jẹ́ òótọ́ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà. Àmọ́ kí ẹ̀dínwó jẹ́ òótọ́ kò sọ pé kò sí ibi tí owó tún ti wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kíyè sí: Aldi Price Match. Tesco bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2020, Sainsbury's tẹ̀ lé e ní 2021. Ọjà tí àmì yẹn bá wà lábẹ́ rẹ̀, iye tí Aldi ń tà á ni àwọn náà ń tà á. Tí Tesco bá wà lẹ́nu ọ̀nà yín, tí Aldi sì jìnnà, ẹ ra èyí tó ní àmì, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó jẹ́ Tesco ńlá. Tesco Express àti Sainsbury's Local, àwọn kékeré tó wà ní igun títì, owó wọn máa ń ga ju ti ńlá lọ. Àwa tá à ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday ló máa ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́, torí òfin ilẹ̀ England àti Wales kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tó bá ju ìwọ̀n mítà 280 níbùú lóròó ṣílẹ̀kùn ju wákàtí mẹ́fà lọ lọ́jọ́ náà. Ìsìn parí, ẹ kí èèyàn tán, aago mẹ́rin ti lù, Lidl ti ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ ra ọjà yín ní Saturday.

Owó ọkọ̀ àti ọ̀nà àárín

Owó bọ́ọ̀sì London di £1.75 ní March 2023. Tí ẹ bá fi káàdì kan ẹ̀rọ, tí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì mìíràn kí wákàtí kan tó pé, wọn kì í gba owó kejì. Nítorí náà ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sílẹ̀ kó tó di pé ẹ jáde, kí ẹ lè rà á kí ẹ sì padà lórí owó kan náà.

Níbi tí ẹ bá ti ń sanwó, ẹ má bá kásíà Aldi du eré. Wọ́n yára. Ẹ da gbogbo rẹ̀ padà sínú túróòlì bó ṣe ń kọjá, ẹ sanwó, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ tò ó sínú àpò lórí pèpéle tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ mú owó póun kan onírin dání fún túróòlì, kí ẹ sì mú àpò láti ilé.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni ọ̀nà àárín, níbi tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìlugi, bàtà òjò àti àgọ́ sí, tí tuntun ń dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìkòkò irin tí mo rà nínú irú rẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ni mo ṣì fi ń ro àmàlà, mi ò sì ní ta á. Ṣùgbọ́n mo ka risíìtì oṣù mẹ́ta kan ní 2022: ohun tí oúnjẹ fi dín, ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ mi ti gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni mò ń gbà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará wa

Ẹlùbọ́, gàrí, iṣu, ẹ̀wà olóyin, epo pupa, ẹja Titus: kò sí ṣọ́ọ̀bù Jámánì tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà. Wọ́n wọ́n, lóòótọ́, torí òkun ni wọ́n gbà wá. Ohun tí ẹ bá fi pa mọ́ lórí ẹyin àti ọṣẹ, ibí ni kí ẹ ti ná an. Ibí nìkan náà sì lẹ ti lè nájà.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ bá mi gé iṣu yìí kí n wo inú rẹ̀."

"Ọmọ mi, Púnà ni, kò ní já ọ kulẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo ti gbé iṣu £12 délé rí, láti ìsọ̀ tí mo ti pẹ́ tí mo ti ń rà, tí inú rẹ̀ ti dúdú láti orí dé ìdí. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ọ̀rá ẹlùbọ́ pẹ̀lú, kí ẹ sì béèrè ẹ̀ènì nígbà tí ẹ bá ra nǹkan méjì mẹ́ta pa pọ̀. Wọ́n máa ń fi ata rodo díẹ̀ sí i.

Ta ló yẹ kó máa lọ, ta ni kò yẹ?

Ẹni tó ń dá gbé nínú yàrá kan, tí dúróò kan péré nínú fírísà jẹ́ tirẹ̀, Aldi àti Lidl bá a mu gan-an: ọ̀rá wọn kéré, kò ní bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé tó ní ọmọ, kó ra wàrà, ẹyin àti ọṣẹ níbẹ̀ lọ́sẹ̀, kó ra àpò ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sì lọ sí Rye Lane tàbí Ridley Road lọ́jọ́ Saturday tó bá kù díẹ̀ kí ẹlùbọ́ tán.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ńkọ́, tàbí tí kò lè gbé ẹrù? Aldi àti Lidl kò ní ọkọ̀ tiwọn tó ń gbé oúnjẹ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. A jókòó sídìí fóònù rẹ̀, a fi Clubcard rẹ̀ to ọjà lé orí ọjà, àwọn tó ní àmì Aldi Price Match la kọ́kọ́ mú, títí ó fi pé £50 kí wọ́n má baà fi owó kún un. Ọmọkùnrin tó gbé e wá kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé e wọlé, ó tò ó sórí tábìlì ìdáná, ó sì bá Sìstá gbé òróró ńlá náà sísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù.