Fallen tàbí Synthesis: Èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ fowó rà?

Ní Ìkòròdú níbí, àwa tá a fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì kò pọ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi í ṣeré. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí ṣáá: nínú àwo Evanescence, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, ṣé Fallen ti 2003 ni kí àwọn rà ni, àbí Synthesis ti 2017?

Jìtá ló gbé Fallen ró. Orin mọ́kànlá ni, òkùnkùn àti ọ̀fọ̀ ló kún inú wọn, jìtá á sì máa bú bí ààrá lẹ́yìn ohùn Amy Lee, obìnrin tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ náà. Ẹ lè mú orin kan ṣoṣo níbẹ̀ kó tó yín.

Ní ti Synthesis, orin àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n sì tún wọn tò. Jìtá bọ́ sẹ́yìn; fayolíìnì rẹpẹtẹ àti ìró tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ló gba ipò rẹ̀. David Campbell ló to ti àwọn onífayolíìnì. Ẹ gbọ́ "Bring Me to Life", torí ó wà nínú àwo méjèèjì: ohùn ọkùnrin tó ń dá Amy Lee lóhùn ní 2003 kò sí mọ́ ní 2017. Òun nìkan ló ń ké. Ó wọ̀ mí dé egungun. Tuntun méjì wà níbẹ̀: "Imperfection", àti "Hi-Lo" tí Lindsey Stirling ta fayolíìnì sí.

Ibi tó yẹ kí olówó ronú sí rèé o. Ìgbà àkọ́kọ́, sípíkà kékeré ni mo gbé Synthesis sí lójú fèrèsé mi ní Sábó, jẹnẹrétọ̀ ará ilé sì ń pariwo lọ́wọ́. Ìlù nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, mo ki íápíìsì bọ etí, àṣé fayolíìnì ti ń rọra gòkè lábẹ́ ohùn Amy Lee látilẹ̀, bí omi ọ̀sà ṣe ń kún. Fallen ní tirẹ̀, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ má ra Synthesis ní ẹyọ ẹyọ. "Overture" ló ń ṣílẹ̀kùn fún "Never Go Back". Bí ẹ bá dà wọ́n rú, ẹ ti bà á jẹ́. Àwọn tó ń kọrin nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì á tètè mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹni tí kò gbọ́ ìkankan rí, Fallen ni kó kọ́kọ́ rà, kó lè mọ ilé tí wọ́n wó kí wọ́n tó tún un kọ́. Ẹni tó ti mọ Fallen látilé ìwé, kó ra Synthesis, kó sì ra íápíìsì gidi mọ́ ọn.