Omi Òkun Èkó àbí Iyọ̀ Àpò: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Táńkì Iyùn Kékeré n'Ìbàdàn?

Gíláàsì àti iná ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń náwó lé tí wọ́n bá fẹ́ ra táńkì omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń sin ẹja àti iyùn (coral), ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun. Omi ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ká ní táńkì yín gba lítà 60: lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ ó máa yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn lítà 6, kí nitrate tó ń ti ara oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja wá má baà pọ̀ jù, kí calcium tí iyùn fi ń kọ́ egungun rẹ̀ má sì tán nínú omi. Níbo ni lítà 6 yẹn á ti máa wá?

Omi òkun Èkó kọ́. Ọ̀fẹ́ ni létí òkun, àmọ́ kó tó dé Ìwó Road, ó ti gbowó. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan wúwo ju kílò 25 lọ, dẹ́rẹ́bà á sì gba owó ẹrù. Èyí tí wọ́n pọn nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ lè ní epo nínú. Omi ọ̀sà ní tiẹ̀ kì í níyọ̀ tó, àgàgà lásìkò òjò.

Iyọ̀ àpò ni mo fara mọ́: èyí tí wọ́n ṣe fún táńkì iyùn o, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ Bódìjà. Nǹkan bí gíráàmù 35 ló ń lọ sí lítà kan, nítorí náà àpò kílò 20 á ṣe omi tó lé ní lítà 500. Ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, torí tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, á dì gbagidi.

Omi tẹ́ ẹ máa fi pò ó wá ńkọ́? Omi ẹ̀rọ ìjọba ní klorín, omi bọ́ọ̀hóòlù ní èròjà ilẹ̀. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá, jẹ́ lítà 10, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ ki mítà TDS, tó ń wọn èròjà tó ti yòrò sínú omi, bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó rò pé ó mọ́. Tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jìnnà sí òdo, kò ní pẹ́ tí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá á fi bo òkúta yín.

Ẹ̀rọ RO/DI, tó ń sẹ́ èròjà kúrò nínú omi, ló ń gbé e dé òdo, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ sì ti ń fowó ṣòfò. Ó ń fẹ́ agbára omi tó tó nǹkan bíi 50 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń tì tó). Táńkì orí òpó tó ga ní mítà 6 kò lè fún un ní 9. Tẹ́ ẹ bá ra ẹ̀rọ náà láìra pọ́ńpù booster tó ń fi kún agbára omi pẹ̀lú rẹ̀, á kàn máa kán tó, tó, tó, èyí tó ń dà nù á sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ má da ìyẹn nù ṣá, ó dára fún aṣọ fífọ̀.

Fún wíwọn iyọ̀, háídírómítà oníke kò wọ́n, àmọ́ ìfófòó kékeré kan tó bá lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ á jẹ́ kó parọ́. Ẹ ra refractometer. Ẹ kán omi sójú rẹ̀, ẹ kọjú ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ibi tí àwọ̀ búlúù ti pàdé funfun: 35 lẹ̀ ń wá.

Omi tó bá gbẹ, pàápàá nígbà ooru tẹ́ ẹ bá fi fáànù fẹ́ ojú táńkì, omi tí kò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi dí i. Iyọ̀ kì í bá omi gbẹ.

Nítorí NEPA, ẹ fi pọ́ńpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kún ẹrù yín.