Kámẹ́rà Àkọ́kọ́ fún Ọ̀dọ́langba: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Náwó Lé?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ọmọ ọdún 14, ó ní kámẹ́rà lòun fẹ́. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ẹni tó mọ kámẹ́rà, mo kánjú. Mo ra ọ̀kan tí kò lórúkọ, tuntun nínú páálí, tí wọ́n kọ "48 megapixel" gàdàgbà sí lára. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo rí i lórí pẹpẹ ìwé, eruku ti bò ó. Mo bi í pé kí ló dé. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ṣí fóònù rẹ̀, ó fi fọ́tò ajá wọn hàn mí lẹ́ẹ̀mejì: èyí tí fóònù yà, àti èyí tí kámẹ́rà tí mo rà yà. Nínú ti fóònù, ẹ lè ka irun imú ajá náà. Nínú ti kámẹ́rà, ó dà bíi pé ẹnì kan fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú kun ajá náà ni. Ẹnu mi wọhò.

Látìgbà yẹn, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà fọ́mọ: kí ni nǹkan yìí máa ṣe tí fóònù tó wà lápò ọmọ yẹn kò lè ṣe? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ dá owó yín padà sápò. Ìbéèrè yẹn náà ni mo fi ń wọn gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí.

Ẹ má jẹ́ kí megapixel tàn yín

Nínú kámẹ́rà, sẹ́ńsọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé, òun ló ń sọ ọ́ di àwòrán. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà pélébé olówó pọ́ọ́kú, sẹ́ńsọ̀ náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6.2 sí 4.6 lọ. Èékánná ìka ọmọńdinrín yín tóbi jù ú lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, tí Canon ń fi sínú àwọn kámẹ́rà rẹ̀ kéékèèké tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì, jẹ́ mìlímítà 22.3 sí 14.9. Ẹ ṣírò fífẹ̀ rẹ̀, ó lé ní ìlọ́po 11 ti àkọ́kọ́. Lọ́sàn-án gangan ẹ lè má rí ìyàtọ̀ wọn. Ẹ gbé méjèèjì wọ yàrá tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn, àwòrán ti kékeré á dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn sí i.

Megapixel kàn ń sọ iye ọ̀nà tí wọ́n gé sẹ́ńsọ̀ sí ni. Bí ẹ bá gé aṣọ kékeré kan sí wẹ́wẹ́ 48 dípò 16, aṣọ náà kò tìtorí ìyẹn fẹ̀ sí i. Àwọn kámẹ́rà aláìlórúkọ mìíràn kò tilẹ̀ gé e: wọ́n ya fọ́tò kékeré, wọ́n wá fi ètò inú ẹ̀rọ fẹ̀ ẹ́ lójú. Fóònù ìwòyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sẹ́ńsọ̀ tó tóbi ju ti kámẹ́rà pélébé lọ, wọ́n sì ń ya fọ́tò mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ajá ẹ̀gbọ́n mi tí fóònù yà fi dáa ju ti kámẹ́rà lọ.

Kámẹ́rà pélébé, àti Instax

Ẹ mú Kodak PIXPRO FZ55 bí àpẹẹrẹ. Ó ní 16 megapixel lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré tí mo sọ yẹn, fídíò 1080p, àti lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po 5. Lẹ́ńsì yẹn máa ń yọ jáde lóòótọ́ ni, kì í ṣe pé ó ń gé àwòrán bí fóònù ṣe sábà máa ń ṣe. Ohun kejì tó ní ni fíláàṣì tó le: ojú ọ̀rẹ́ á funfun báláú, ẹ̀yìn á ṣókùnkùn. Àbùkù ni àwa àgbà ń pe ìyẹn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wá a lójú méjèèjì.

Bó bá jẹ́ ìyẹn lọmọ yín ń fẹ́, ẹ má bá a jà, ẹ má sì ra tuntun. Ẹ kọ́kọ́ tú inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹbí wò, nítorí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rà ní bí ogún ọdún sẹ́yìn ń sùn nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Kìkì pé kí ẹ yẹ káàdì rẹ̀ wò. Sony àtijọ́ ń lo Memory Stick, Olympus àti Fujifilm àtijọ́ ń lo xD, káàdì SD tó wà káàkiri kò sì ní wọ inú wọn.

Instax, kámẹ́rà tó ń tẹ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀, yàtọ̀ pátápátá. Fujifilm Instax Mini 12, tó jáde ní 2023, kò ní sẹ́ńsọ̀ rárá. Bátìrì AA méjì ló ń lò. Bébà máa jáde látorí rẹ̀, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 90 ojú èèyàn á ti yọ lórí rẹ̀, ní àwòrán mìlímítà 62 sí 46. Ìdáhùn sí ìbéèrè mi wà níbẹ̀ kedere: fóònù kì í fúnni ní ohun tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Àmọ́ bébà 10 péré ló wà nínú páálí kan, èyí tó bà jẹ́ ti bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀bùn tó dùn ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò kò ní rí púpọ̀ kọ́ lára rẹ̀, nítorí bọ́tìnnì tó lè tẹ̀ kò tó nǹkan, àṣìṣe sì wọ́n.

Nikon D3500 tàbí Canon EOS 2000D?

Ibi tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í níye lórí rèé. DSLR ni méjèèjì, èyí tó ní dígí nínú, tí a ń fi ojú kan wo inú ihò rẹ̀. Wọ́n jáde ní ọdún kan náà, 2018. Méjèèjì ní 24 megapixel lórí sẹ́ńsọ̀ APS-C, lẹ́ńsì 18–55 ló sì sábà máa ń bá wọn wá. Wọn kò ya fídíò 4K, wọn kò sì ní ihò máìkì.

Bátìrì ló kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ìwọ̀n CIPA tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà jọ ń lò, Nikon ń ya fọ́tò 1,550 lórí ṣáàjì kan, Canon ń ya 500. Ọmọ tó máa ń gbàgbé ṣáàjì (ta ni kì í gbàgbé?) lè fi Nikon rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan. Nikon ń ya 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Canon ń ya 3. Gíráàmù 415 ni Nikon pẹ̀lú bátìrì àti káàdì, Canon jẹ́ 475. Èyí tó wù mí jù ni Guide Mode tó wà lára Nikon: ọmọ á yan ohun tó fẹ́ yà, kámẹ́rà á máa tọ́ ọ sọ́nà ní ìpele-ìpele, á sì sọ ìdí tó fi ń yí nǹkan padà fún un.

Canon náà kò ṣe é gbé sọnù. Ó ní Wi-Fi, nígbà tó jẹ́ pé Bluetooth nìkan ni D3500 ní, fọ́tò kékeré 2 megapixel ló sì ń fi ránṣẹ́ sí fóònù. Bí ọmọ yín bá fẹ́ fi fọ́tò hàn ọ̀rẹ́ kó tó délé, ìyẹn á bí i nínú. D3500 tún ní ìṣòro tí àwọn tó ń ra lẹ́ńsì àlòkù máa ń kàn: kò ní mọ́tò fọ́kọ́ọ̀sì nínú ara rẹ̀, nítorí náà lẹ́ńsì Nikon àtijọ́ tí kò ní mọ́tò tirẹ̀ á di ohun tí ẹ máa fọwọ́ yí. Ẹ wá AF-S tàbí AF-P lára orúkọ lẹ́ńsì. 2000D kò ní wàhálà yẹn, àmọ́ Canon yọ irin àárín kúrò lórí ibi tí a ń ki fíláàṣì sí, fíláàṣì olówó pọ́ọ́kú tó gbára lé irin yẹn nìkan kò sì ní tàn níbẹ̀.

Èmi á mú Nikon. Wọ́n ti dá ṣíṣe rẹ̀ dúró, nítorí náà àlòkù tó mọ́ ni ẹ máa wá. Bí lẹ́ńsì Canon bá ti wà nínú ẹbí yín tẹ́lẹ̀, kò sídìí tí ẹ ó fi kọ Canon sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbé irú kámẹ́rà yìí ga nìyí. Ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn lọ́kùnrin ní D3500. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ya ajá wọn bó ṣe ń sáré, fọ́tò mẹ́fà, ìlà pupa kan ló ń rí nínú gbogbo wọn. Mo ní kó yí bọ́tìnnì orí rẹ̀ sí S, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti lè yan àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, kó gbé e láti 1/60 ìṣẹ́jú àáyá lọ sí 1/500. Ó tún un yà. Ajá dúró sójú òfuurufú, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ àwòrán náà ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. "Bọ̀dá, kí ló wá fà á tó fi dúdú?" Mo ní àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé ti kúrú, kó gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ tó gbà lágbára sí, kúrò ní 200 sí 1600. Ó gbé e, ilẹ̀ mọ́ padà, iyanrìn díẹ̀ sì bọ́ sínú òjìji. Kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé fún un lẹ́yìn ìyẹn. Fóònù ń ṣe gbogbo ìṣirò yẹn ní bòókẹ́lẹ́, ọmọ kì í mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan kan.

Àwọn tí kò ní dígí

Mirrorless fúyẹ́, ó sì ń fi bí fọ́tò ṣe máa rí hàn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Mẹ́ta ni mo máa ń gbé síwájú ẹni tó ń ṣọ́ owó ná:

| | Sony a6000 | Canon EOS R100 | Canon EOS R50 |
|---|---|---|---|
| Ọdún tó jáde | 2014 | 2023 | 2023 |
| Ìwọ̀n pẹ̀lú bátìrì àti káàdì (gíráàmù) | 344 | 356 | 375 |
| Ojú ẹ̀yìn (síkírìnì) | Ó ń gbé sókè sódò, kì í gbọ́ ìfọwọ́kàn | Kò ṣeé yí, kì í gbọ́ ìfọwọ́kàn | Ó ń yí kọjú sí ẹni tó ń yà, ó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn |
| Fídíò | 1080p | 4K, àmọ́ ó ń gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán | 4K láìgé ẹ̀gbẹ́ |
| Ihò máìkì | Kò sí | Ó wà | Ó wà |

R100 ni mo ń kọminú sí. Ó jẹ́ tuntun, owó rẹ̀ sì kéré sí ti R50, ìyẹn ló ń fa èèyàn. Àmọ́ ẹ gbé e lé ọmọ tó dàgbà sórí fóònù lọ́wọ́ kí ẹ wò ó. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé kó fìka tẹ ojú ẹ̀yìn rẹ̀. Nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Á tún un tẹ̀. R50 ló dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì wọ́n jù, ẹni tó bá lágbára rẹ̀ kò nílò ìmọ̀ràn mi.

a6000 àlòkù ni mo padà rà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Lóòótọ́ ó ti pẹ́. Àmọ́ ó ń ya fọ́tò 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ṣì dáa, ó ń wọ inú àpò ìwé láìgba àyè, lẹ́ńsì tó bá a mu sì pọ̀ lọ́jà àlòkù. Bátìrì rẹ̀ ló ń dáni lágara: 360 ni iye tí CIPA kà fún un. Ẹ ra bátìrì kejì lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á.

Ọmọ tó jẹ́ pé fídíò nìkan ló fẹ́ ṣe ńkọ́? Ẹ ra máìkì àti iná kékeré fún fóònù rẹ̀ ná. Ohùn tó ń dún bíi pé inú kànga ló ti ń wá máa ń lé olùwòran lọ ju àwòrán tí kò mọ́ lọ. Bó bá ti lò wọ́n fún oṣù mélòó kan tí kò sì fi í sílẹ̀, ẹ lè wo Sony ZV-1 ti 2020: sẹ́ńsọ̀ íńṣì kan, ihò máìkì, ojú ẹ̀yìn tó ń yí. Lẹ́ńsì rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù

Ẹ mú káàdì tiyín dání. Ẹ yọ lẹ́ńsì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀yìn: bí ẹ bá rí nǹkan tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ebu ni, ẹ fi sílẹ̀. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ògiri funfun ní f/16 (ìyẹn nígbà tí ihò lẹ́ńsì kéré), kí ẹ fẹ àwòrán náà lójú. Àmì dúdú tó bá dúró síbì kan náà nínú gbogbo fọ́tò, orí sẹ́ńsọ̀ ló wà. Ẹ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ya fọ́tò, ti ṣí. Nikon dán ti D3500 wò dé 100,000, nítorí náà èyí tó ti yà 15,000 ṣì jẹ́ ọmọdé. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, títí kan èyí tí ẹ kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ má ná gbogbo owó tán sórí kámẹ́rà. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún lẹ́ńsì 50mm f/1.8 lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́fà, torí ihò rẹ̀ ń ṣí gbòòrò, òun ló máa ń jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí a ń yà ṣe bàìbàì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ọmọ á fi pariwo pé "ẹ wá wò ó". Ẹ ra káàdì SD 64 GB méjì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ayédèrú pọ̀ nínú wọn: wọ́n á kọ 64 sí i lára, 8 ló máa gbà, àwọn fọ́tò tó bá kọjá ìyẹn á sì pòórá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi fídíò gígùn kún káàdì tuntun dẹ́nu lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kí ẹ ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà dé ìparí, kí ẹ tó fà á lé ọmọ lọ́wọ́.