Agogo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tó ń ránṣọ tàbí tó ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà kò lè máa gbójú sókè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Etí ló yẹ kó máa bá a ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dún bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Bí ọ́síjìn bá ń wálẹ̀, ohùn ẹ̀rọ náà á máa wálẹ̀, dókítà á sì ti mọ̀ láì tíì wo ojú ẹ̀rọ náà. Irú ohùn tó ń ròyìn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá.

Agogo idẹ tí wọ́n ń so mọ́ ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ràn jù. Kò mu iná, kò jẹ bátìrì. Bí oníbàárà bá rọra wọlé, á rọra dún; bí ọmọdé bá já wọlé, á dún wọnran-wọnran. Ẹni tó kàn yọjú tó padà, ẹ ó gbọ́ ọ yàtọ̀. Àmọ́ bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, tàbí tí ẹ bá wà ní yàrá ẹ̀yìn, agogo ò ní dé etí yín.

Ibẹ̀ ni agogo olóòfà, èyí tó ń fi òòfà mọ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ti wúlò: ẹyọ kan lára ilẹ̀kùn, èkejì lára férémù, kí ẹ gbé èyí tó ń dún sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Pé ilẹ̀kùn ti ṣí nìkan ló mọ̀ sọ. Bí pákó bá wú nígbà òjò tí ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́, á rò pé ó ṣì ṣí sílẹ̀ ni.

Ṣọ́ọ̀bù tí kò nílẹ̀kùn, sẹ́ńsọ̀ PIR ló kù fún un, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bí ènìyàn bá kọjá níwájú rẹ̀. Ooru ara tó ń rìn kọjá ló ń mọ̀. Nítorí náà, lọ́sàn-án gangan, bí ooru àyíká bá ti ń sún mọ́ ti ara ènìyàn, ìyẹn nǹkan bíi 37°C, agbára rẹ̀ á dínkù. Ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí títì o! Gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ ni yóò máa dún fún, títí etí yín ò fi ní kà á sí mọ́. Ara ògiri ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ kàn án mọ́, kí ènìyàn gba iwájú rẹ̀ kọjá. Bó ṣe ń tètè mọ̀ nìyẹn.

Èyí tó ń sọ̀rọ̀ kí oníbàárà káàbọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bí iṣẹ́ yín bá ní kíka owó nínú: ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń gba ọkàn ẹni ju agogo lọ. Kí ẹ tó sanwó èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n dán an wò nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wọn bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀yin sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán.