Igbá Tó Là: Ṣọ́ọ̀bù Fíngbáfíngbá Kan Nílùú Ọ̀yọ́

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní pátákó lójú títì. Láti ọjà Akẹ̀sán ni ènìyàn yóò ti máa béèrè ọ̀nà, títí yóò fi gbọ́ ìró ọ̀bẹ tí ń ha igbá lábẹ́ páànù kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń gbẹ́ ìlù. Mo lọ síbẹ̀ nígbà tí ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì bẹ Bàbá tó ni ibẹ̀ pé kí wọ́n bá mi fín igbá onídèérí mẹ́rin, tí a óò kó obì, orógbó, ataare àti iyọ̀ sí. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦48,000. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n dá fún mi; ọjọ́ mẹ́tàlá ló gbà.

Iṣẹ́ igbá kò yá bí ẹni tó ń rà á ṣe máa ń rò. Wọn yóò là á, wọn yóò rẹ ẹ́ sómi títí inú rẹ̀ yóò fi rà, wọn yóò ha á, wọn yóò sì sá a gbẹ, kí ọ̀bẹ ọnà tó kàn án rárá. Nígbà tí mo lọ bẹ iṣẹ́ mi wò ní ọjọ́ kẹsàn-án, èyí tó tóbi jù nínú wọn ti là láti etí dé ìdajì ikùn. Wọ́n ní onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní páńkara. Èmi ni mo kọ́kọ́ pe tèmi bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju eléyìí nù, kí ẹ bá mi wá òmíràn.” Wọ́n yí igbá náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí mo bá jù ú nù, ta ni yóò san owó òógùn mi? Padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀.”

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rán ibi tó là, wọ́n sì ti fín aláǹgbá kan yí i ká, tí ojú rírán náà di eegun ẹ̀yìn rẹ̀, tí orí rẹ̀ sì kan etí igbá bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo obì. Níbi ìdána, igbá yẹn nìkan ni àwọn àlejò ń béèrè ẹni tó ṣe é. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, mo gba ṣọ́ọ̀bù náà kọjá, mo sì rí igbá aláǹgbá mẹ́fà lórí àtẹ. Ìkankan nínú wọn kò là, ṣùgbọ́n Bàbá ti fín ojú rírán èké sára wọn, wọ́n sì fi ₦3,000 lé owó ọ̀kọ̀ọ̀kan!

Kì í ṣe pé ohunkóhun tó bá ti wá sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe o. Ìlà mẹ́ta kan wà tó yí etí gbogbo igbá wọn po, tí kì í yí padà, òun ni wọ́n sì fi ń dá iṣẹ́ wọn mọ̀ lọ́jà. Àwọn onídùndún ni mo fi ń wé e: gúdúgúdú kì í kúrò lójú ìlù tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá ìlù fi lè máa dárà láìṣìnà. Igbá tí kòkòrò bá dá lu, wọn yóò fi ihò mìíràn kún ihò, wọn yóò sì sọ ọ́ di ìbòrí gílóòbù.

Àmọ́ àrà náà ní ibi tó ti ń ni oníbàárà lára. Ẹni tó bá fẹ́ àádọ́ta igbá tó jọra bí ẹyin adìẹ fún ìpàdé iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀, nítorí Bàbá kò lè fín igbá méjì kí wọ́n jọra délẹ̀. Iye owó kò sí lára ọjà, mo sì fura pé ọkọ̀ tí ènìyàn bá gbé wá máa ń wà nínú ìṣirò. Ìdérí igbá iyọ̀ mi kò sì dé dáadáa. Kí ẹ tó san owó, ẹ fi ọwọ́ ara yín dé igbá kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ sì mú aṣọ tí ẹ óò fi dì í dání: bébà àtijọ́ ni wọ́n fi di tèmi, orí itan ni mo sì gbé e lé títí dé Ìbàdàn.